Bí ẹ ṣe lè fi ooru omi òkun yẹ òjò Èkó wò lórí laptop yín

Bí òjò bá ti rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní Èkó, El Niño ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Orí Òkun Pàsífíìkì ni El Niño, ìyẹn gbígbóná omi òkun ju bó ṣe yẹ lọ, ti ń ṣẹlẹ̀, ó sì jìnnà sí wa gan-an. Omi tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni èyí tó wà níwájú wa, láti etí òkun Victoria Island lọ títí dé ìlà agbedeméjì ayé. Tí omi yẹn bá gbóná ju ti àtẹ̀yìnwá lọ láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ọ̀wọ́ òjò kì í fẹ́ gòkè lọ sí Àríwá. Etíkun ló máa ń dúró sí: àwa á rí òjò púpọ̀, àwọn ará Sahel, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sahara, á sì máa wá a. Atlantic Niño ni àwọn onímọ̀ òkun ń pe èyí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìwádìí òkun àti ojú ọjọ́ ṣe iṣẹ́, yálà Akoka ló ń gbé tàbí Mushin, ibí yìí dára fún un láti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀fẹ́ ni dátà rẹ̀.

Apá òkun tí ẹ máa ṣírò ni wọ́n ń pè ní ATL3: láti 3° Gúúsù sí 3° Àríwá, àti láti 20° Ìwọ̀-Oòrùn sí 0°. (Ìlà 0° yìí gba Tema kọjá ní Ghana.) Ní oṣù kẹrin, omi ibẹ̀ máa ń gbóná tó 28 sí 29°C. Tó bá di oṣù kẹjọ, ó ti tutù wá sí bíi 25°C, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti Gúúsù á ti le sí i, á máa ti omi òkè kúrò, omi tútù abẹ́ á sì máa jáde sókè. Òtútù yìí wà lára ohun tó ń fa August break tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ wá wò ó: 26.5°C ní oṣù kẹrin, omi tutù nìyẹn, 26.5°C kan náà ní oṣù kẹjọ, omi gbóná gidigidi ni. Iye ooru nìkan kò lè sọ nǹkan kan fún yín. Bó ṣe yàtọ̀ sí bí oṣù yẹn ṣe máa ń rí ni ẹ ń wá.

Ẹ gba ERSST v5 sílẹ̀, ìyẹn dátà ooru ojú òkun ti NOAA, àjọ òkun àti ojú ọjọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Oṣooṣù ni, ó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 1854, fáìlì kan ṣoṣo ni, kò sì tó 200 MB. OISST, dátà ooru òkun mìíràn, náà wà, tó ń pín òkun sí ègé 0.25° láti ọdún 1981, ṣùgbọ́n ó máa jẹ dátà íńtánẹ́ẹ̀tì yín tán láìnídìí. ATL3 fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ègé 2° ti ERSST fi tó o. Python, èdè kọ̀ǹpútà, àti xarray, irinṣẹ́ inú rẹ̀ fún irú fáìlì yìí, ni ẹ máa fi ṣí i. Tí iná kì í dúró ládùúgbò yín, ẹ lo Google Colab, tó ń jẹ́ kí Python ṣiṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n inú Google Drive ni kí ẹ tọ́jú fáìlì sí, torí bí Colab bá já, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Gígé apá ATL3 yẹn jáde ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, kọ̀ǹpútà kò sì ní kìlọ̀ fún yín. Nínú fáìlì ERSST, Àríwá ló ṣáájú, Gúúsù ló kẹ́yìn: láti 88 sí -88 ni. Tí ẹ bá kọ slice(-3,3), kò ní mú nǹkan kan, nan lásán (ìyẹn pé kò sí iye) ni ẹ máa rí. Èyí ṣì sàn, torí ẹ ó mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Èyí tó léwu ni ti Ìwọ̀-Oòrùn. Láti 0 dé 358 ni fáìlì yìí ń kà, kò mọ -20 (20° Ìwọ̀-Oòrùn) rárá, 340 ló ń pè é. Ẹni tó bá kọ slice(-20,0) máa gba òpó 0° nìkan, iye tó máa jáde á sì jọ òótọ́ pátápátá: 27, 28, 25. Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ATL3 rárá. Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

sst.sel(lat=slice(3,-3), lon=slice(340,358))

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ ka ohun tó mú: ìlà 3, òpó 10, ègé 30 lápapọ̀. Tí kò bá jẹ́ 30, ẹ padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìpíndọ́gba ègé 30 náà fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ọdún 1991 sí 2020, kí ẹ fi groupby('time.month') wá ìpíndọ́gba oṣù méjèèjìlá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá yọ ọ́ kúrò lára oṣù tó bá a mu. Ìyàtọ̀ tó kù, ẹ wá ìpíndọ́gba rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. 0.5°C ni ọ̀pọ̀ ń lò bí ààlà: ohun tó bá kọjá rẹ̀ sókè ní oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, a lè pè é ní Atlantic Niño.

Ṣùgbọ́n òkun gbogbo ayé ń gbóná sí i. Tí ẹ kò bá kọ́kọ́ yọ gígòkè yẹn kúrò, gbogbo ọdún àìpẹ́ yìí á jọ Niño, àwọn ọdún àtijọ́ á sì jọ òdìkejì rẹ̀. scipy.signal.detrend á bá yín yọ ọ́. Ní tiwa, a kì í lo ohun tó ṣáájú ọdún 1950 fún iṣẹ́ yìí, torí ọkọ̀ tó ń wọn omi lápá ibí kò pọ̀ nígbà náà, korobá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ń fa omi náà, tí afẹ́fẹ́ á ti mú un tutù kí wọ́n tó ti tẹmómítà bọ̀ ọ́.

Fún òjò, ẹ lo CHIRPS, dátà òjò tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1981, ègé rẹ̀ jẹ́ 0.05°. Ti Áfíríkà ni kí ẹ gbà, ẹ fi ti gbogbo ayé sílẹ̀. -9999, ìyẹn pé kò sí iye, ló kọ sí ojú òkun. Tí ẹ bá gbàgbé láti yọ ọ́, òjò Victoria Island á di òdì. Ẹni tó bá lè rí òjò tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, wọ̀n ní Ìkejà gbà, kó fi wéra.

Iye kan fún ọdún kan ni kí ẹ lò: ATL3 ti oṣù kẹfà sí ìkẹjọ lọ́wọ́ kan, àpapọ̀ òjò oṣù mẹ́ta kan náà lọ́wọ́ kejì. Ẹ má ṣe kó oṣù méjìlá pọ̀, torí omi àti òjò ní ìgbà tiwọn lọ́dọọdún, ìyẹn nìkan sì lè mú kí wọ́n jọ ìbátan. Láti 1981 sí 2020 jẹ́ ọdún 40. Ẹ wá R, iye tó ń sọ bí nǹkan méjì ṣe ń rìn pọ̀ tó; tí kò bá kọjá 0.31 níbẹ̀, ẹ má gbára lé e. Bó bá tilẹ̀ kọjá rẹ̀, ẹ má fi sọ pé ooru òkun ló fa omi tó wọlé ní Lẹ́kí. Gọ́tà tó dí àti òkun tó kún wà nínú ọ̀rọ̀ ìyẹn.

 Ẹ tún yẹ èsì yín wò pẹ̀lú PIRATA, àwọn ohun èlò tó ń léfòó tí Brazil, Faransé àti Amẹ́ríkà ti fi ìdákọ̀ró so mọ́lẹ̀ láti ọdún 1997. Ọ̀kan wà ní 0°, 0° gan-an. Ó ń wọn ooru láti ojú omi dé 500 mítà nísàlẹ̀. Ẹ wá ibi tí omi ti tutù dé 20°C: bó bá ti jìn sísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ooru òkè yẹn kì í ṣe ti ojú omi nìkan. Ẹ máa bá àlàfo pàdé nínú dátà náà, torí àwọn apẹja máa ń ba àwọn ohun èlò wọ̀nyí jẹ́. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ bí àlàfo, ẹ má fi nǹkan dí i.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ fún àwọn olùkọ́ ní Marine Sciences ní Unilag tàbí fún NIOMR, ilé ìwádìí òkun ti ìjọba Nàìjíríà, ní Victoria Island, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gba fáìlì náà sókè ìwé, torí NOAA máa ń tún oṣù tó kẹ́yìn ṣe, iye tiwọn sì lè má bá tiyín mu.