Ẹ yéé ṣe ẹ̀ṣọ́ sí máṣíìnì tí ẹ ò tíì pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí mò ń rí ní Adó-Èkìtì

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa ní Baṣírì níbí, ó ra ọ̀kadà Boxer tuntun, kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Lánàá ló gbé e wá síwájú ilé mi, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun ẹ bá mi wò ó, ó ti ń yọ èéfín." Mo wo máṣíìnì náà, ẹnu yà mí. Iná mẹ́fà ló tò síwájú ẹ̀, méjì ń ṣẹ́jú pupa àti búlúù bíi ti ọlọ́pàá, ó fi rọ́bà aláràbarà wé sípóòkì, ó ti ran awọ pupa sí ìjókòó, sítíkà ti bo táńkì débi pé mi ò mọ àwọ̀ tó jẹ́ gan-an mọ́. Mo bi í pé ìgbà wo ló pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn. Ó ní "Ọ́ìlì wo?"

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ èyí nìyẹn. Mi ò kì í ṣe mẹkáníìkì o. Búrẹ́dì ni mò ń gbé kiri, ọdún kẹsàn-án rèé, tí aago márùn-ún ìdájí bá lù mo ti wà lójú ọ̀nà Ìyìn, Ìgèdè, títí dé Arámọkọ, ọjọ́ tí ọjà bá yá mo tún máa ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Èyí tó pọ̀ nínú àṣìṣe tí mo fẹ́ kà yìí, owó ara mi ni mo fi kọ́ ọ, torí náà tí ẹ bá rí i pé mò ń pariwo, ara mi ni mò ń pariwo mọ́ pẹ̀lú.

1. Ká máa kún ọ́ìlì dípò ká pààrọ̀ ẹ̀. "Ṣáà fi díẹ̀ kún un," ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn. Ọ́ìlì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì Boxer ò ju bíi lítà kan lọ, lítà kan yẹn náà ló ń bá ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, òun ló ń bá gíà ṣiṣẹ́, inú ẹ̀ náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń lúwẹ̀ẹ́. Tó bá ti dúdú tó ti ń ṣàn bí omi, tuntun tí o bù lé e lórí dà bí ẹni bu omi sí ọbẹ̀ tó ti kan. Èmi tí mò ń gbẹ́rù lójoojúmọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń da tèmi nù. Ẹ má sì lọ ra ọ́ìlì mọ́tò torí pé ó wọ́n díẹ̀ kẹ́ ẹ wá rò pé ó dáa jù, àwọn míì nínú ẹ̀ ní èròjà tó ń jẹ́ kí nǹkan yọ̀, kílọ́ọ̀ṣì yín á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, máṣíìnì ò ní lọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ike ẹ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ JASO MA sí, àmì pé ọ́ìlì ọ̀kadà ni, tí kílọ́ọ̀ṣì ò ní yọ̀ nínú ẹ̀. Èyí tí wọ́n rọ sínú ike omi tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo bó ṣe kù sí, ẹ gbé e dúró ṣánṣán lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Tó bá dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, irọ́ ló máa pa fún yín.

2. Dída ọ́ìlì sínú táńkì epo. Suzuki àti Yamaha àwọn bàbá wa ló ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń jẹ́ two-stroke. Boxer, TVS, gbogbo èyí tẹ́ ẹ̀ ń gùn báyìí, four-stroke ni wọ́n, ọ́ìlì wọn ní ibi tó ń gbé. Ẹ kàn ń fi owó ba púlọ́ọ̀gì jẹ́ ni.

3. Yíyọ fílítà afẹ́fẹ́ dànù. Èyí gan-an ló ń ṣe ọmọkùnrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan ló sọ fún un pé tó bá yọ fóòmù yẹn máṣíìnì ẹ̀ á máa sáré. Ó yọ ọ́ lóòótọ́, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà oko pẹ̀lú ẹ̀, nínú ọyẹ́. Ṣé ẹ mọ eruku pupa tiwa yìí nígbà ọyẹ́, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fọ imú yín lálẹ́ omi ẹ̀ á pọ́n bí osùn? Ohun tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń fà símú nìyẹn. Iyẹ̀pẹ̀ yẹn á wọlé, á máa ha ríìngì àti ara ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì á ráyè gòkè síbi tó yẹ kó jẹ́ epo àti afẹ́fẹ́ nìkan ló wà, á jó mọ́ ọn, èéfín funfun tó ń rí nìyẹn. Owó fílítà ò tó nǹkan kan. Owó píísìnnì, ríìngì àti iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n sọ fún un láàárọ̀ yìí, tó bá fi ra iyán, á jẹ ẹ́ títí á fi sú u.

4. Ṣéènì tẹ́ ẹ fún bí ọṣán gángan. Ẹ jẹ́ kó dẹ̀ níwọ̀n ìbú ìka méjì láàárín. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ pààrọ̀ irin eléyín iwájú àti tẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọn.

5. Iná. Háà. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ èyí torí ó ń dùn mí dénú eegun.

Lọ́dún 2019 mo ra iná LED mẹ́rin. Ẹni tó tà á fún mi ní tí n bá tan án ní Ìyìn, wọ́n á rí i ní Ìgèdè. Inú mi dùn, mo gbé e lọ bá ríwáyà kan. Ọmọ náà fi eyín bó wáyà, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí, eyín, ó lọ́ ọ pọ̀, ó fi sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi ń lẹ ìwé wé e, kò sí fíúùsì, kò sí rílè tó máa ń gbé iná tó pọ̀ dípò súìṣì, tààrà láti orí bátìrì ló ti mú un. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ tó fi ṣe gbogbo ẹ̀. Mo san 3,000 náírà fún un, èmi ọ̀dẹ̀ yìí tún fún un lówó mínírà lé e, mo ní ọwọ́ ẹ̀ yá.

Ọ̀sẹ̀ kejì, òjò ìdájí ń rọ̀, mo ti kọjá Ìyìn, iná ń tàn yòò, mò ń ṣe fáàrí lóòótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn bí ẹni ń sun bàtà rọ́bà. Mo rò pé àwọn kan ló ń dáná nítòsí. Mo tún lọ síwájú díẹ̀, iná kú pii, ni mo bá rí èéfín tó ń yọ lábẹ́ táńkì, níwájú itan mi méjèèjì, táńkì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ epo kún! Mi ò mọ bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀. Máṣíìnì wó, búrẹ́dì dà sí kọ́tà, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, mo fi tipátipá fa wáyà náà já kúrò lórí bátìrì, àpá ẹ̀ ṣì wà ní àtàǹpàkò mi. Mo wá ń ti máṣíìnì nínú òjò títí dé Ìgèdè. Èyí tí kò tutù nínú búrẹ́dì náà mo ṣì gbìyànjú láti tà á, màmá kan tó ti pẹ́ tó ń rajà lọ́wọ́ mi gbé e sí imú, ó ní "Oníbúrẹ́dì, ṣé ilé ló jó ni?"

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ náà ò le. Kọ́ìlì tó ń ṣe iná nínú ẹ́ńjìnnì kékeré yìí ò lágbára púpọ̀, gílóòbù iwájú tó bá a wá gan-an ò ju nǹkan bíi wáàtì 35 lọ. Iná mẹ́rin tèmi, wáàtì 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, 80 nìyẹn, ẹ fi 12 tó jẹ́ fóòtì bátìrì pín in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ámúpù méje, ó sì ń gba inú wáyà tó tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ kọjá. Wáyà á gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Tó bá wá lọ jẹ́ pé ọrùn hándù ni wọ́n gbà á kọjá, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti yí ọwọ́ ló ń ha ara irin, lọ́jọ́ kan rọ́bà ẹ̀ á bó. Fíúùsì ló yẹ kó já lọ́jọ́ náà kí gbogbo ẹ̀ parí síbẹ̀, fíúùsì tí kò ju owó gààrí lọ. Èmi ò ní, torí ọwọ́ ríwáyà mi yá.

Tẹ́ ẹ bá máa fi iná sí i lóòótọ́, kó jẹ́ méjì kékeré. Fíúùsì lẹ́bàá bátìrì, rílè, kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó ojú wáyà pọ̀, kí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Ẹ dúró tì í kẹ́ ẹ máa wò ó, tó bá ti gbé wáyà sẹ́nu ẹ gbé máṣíìnì yín. Kẹ́ ẹ sì dojú iná náà kọlẹ̀ o. Ẹ̀ ń fi iná fọ́ dírẹ́bà tírélà lójú, ẹ ò rántí pé ẹ̀yin náà ló ń bọ̀ wá pàdé. Èyí tó ń ṣẹ́jú bíi ti ọlọ́pàá yẹn ní tiẹ̀, ọjọ́ tí ọlọ́pàá gidi bá dá yín dúró ẹ ó ṣàlàyé.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé lẹ́yìn gbogbo wàhálà yìí, bàbá mẹkáníìkì kan ní Ajílósùn ló nu gíláàsì iná àtilẹ̀wá mi, ó tú bóòtì méjì, ó tẹ ojú ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó ní "Lọ wò ó lálẹ́." Mo ríran. Bàbá náà ò gba kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Òkè Ẹ̀fọ̀n. Owó epo wọ́n, mo mọ̀, láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo gbogbo wa là ń wá ọgbọ́n dá. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè kẹ́ ẹ wá máa fi bíréèkì nìkan sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú èrò méjì lẹ́yìn, ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n. Inú agolo irin ni bíréèkì yẹn ti ń ha, tó bá gbóná jù ẹ ó tẹ̀ ẹ́ títí kò ní mú. Ẹ fi í sí gíà kejì tàbí ìkẹta, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ dì í mú. Epo tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú yẹn ò tó rọ ojú ọgbẹ́.

Ìkeje (àbí ìkẹjọ ni, mo ti gbàgbé iye tí mo ka dé): ẹrù tó fẹ̀ ju máṣíìnì lọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ní kí káfíńtà kan kan àpótí búrẹ́dì fún mi. Ó ní báwo ló ṣe máa fẹ̀ tó, mo na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni fẹ́ dì mọ́ àna ẹ̀. Ohun tó kàn fún mi gan-an nìyẹn. Ọjọ́ kìíní tí mo gbé e kọjá lọ́jà ọba, mo fi igun ẹ̀ gbá àtẹ ata lọ, màmá aláta ò jẹ́ kí n lọ títí mo fi ra gbogbo ata náà. Ilé wa jẹ ata títí ó fi sú wa. Kí àpótí má fẹ̀ ju hándù lọ, kó má sì jáde sẹ́yìn jù, torí tẹ́ ẹ bá ń gun òkè táyà iwájú á fúyẹ́, ẹ ó máa yí ọwọ́ kò ní gbọ́.

Ẹ má fi ẹ̀rọ ìfọmọ́tò fín omi sí ẹ́ńjìnnì tó ṣì gbóná.

Ẹ má dúró kí táyà dán bí orí ìgò kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀, ẹ sì yéé jẹ́ kí fọ́kanáísà fi ẹsẹ̀ ta á wò, kó fi géèjì wọ̀n ọ́n.

Bíréèkì iwájú kì í "da èèyàn sọ nù" tẹ́ ẹ bá fà á díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀yìn. Orí yangí tó tú ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ ọ.

Ó ku hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ní January 2009 tí àwọn Road Safety ní dandan ni, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà, gbogbo Nàìjíríà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ lẹ fi ń kọ́ tiyín, tàbí pé ẹ dé e lẹ́ ò de okùn àgbọ̀n, kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀ sí igbá? Ọmọkùnrin yìí ní tirẹ̀ ń bẹ nílé, nínú nylon tó bá a wá, kò fẹ́ kó họ.

Mo ti ní kó gbé máṣíìnì náà lọ bá bàbá Ajílósùn. Ó ní òun máa lọ tí owó bá ti wọlé, torí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó họ́ọ̀nù tírélà kan sílẹ̀ ni. Iná mẹ́rin tí mo tú kúrò lára tèmi ṣì wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bi mí léèrè bóyá mo máa tà á.