Bẹ́ ẹ ṣe lè kúrọ́ọ̀sì ilá lẹ́yìnkùlé bíi ti Darwin

Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì táwọn èèyàn mọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀bọ yẹn, òun náà ló ń fi ẹran àti ẹyin sórí ewé tó ń pa kòkòrò jẹ, ìwé ẹ̀ jáde ní 1875. Ní 1876 ló gbé ti kúrọ́ọ̀sì jáde, ìyẹn kéèyàn fi àtíkè òdòdó igi kan pa òdòdó igi mí ì, ọdún 11 ló sì fi ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Ewé tó ń jẹ kòkòrò ò sí lọ́jà Ìpàtà n'Ílọrin o, àmọ́ ilá wà. Ẹ wá oríṣi méjì tí ò jọra, bíi ilá pupa àti èyí tá a mọ̀, kẹ́ ẹ gbìn wọ́n pọ̀ tójò bá ti ń rọ̀ dáadáa.

Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ wá òdòdó tó ti wú, tí yẹ́lò ẹ̀ ti ń yọjú, ìyẹn máa là láàárọ̀. Ẹ fi bíléèdì tuntun la ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ máa rí òpó kékeré kan láàárín tí àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó ní àtíkè yí ká, gbogbo ìyẹn ni kẹ́ ẹ ha kúrò, àmọ́ orí pupa tó rí bíi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì lókè ẹ̀ yẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi bébà bò ó. Ẹ má lo ọ̀rá o, oòrùn Ìlọrin á sè é síbẹ̀ ni. Ẹ bo òdòdó orí oríṣi kejì tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe bàbá náà, torí oyin.

Láàárọ̀, kó tó di aago mẹ́wàá, ẹ já bàbá yẹn, ẹ fi àtíkè ẹ̀ pa orí pupa yẹn dáadáa, ẹ bò ó padà, ẹ so òwú pupa mọ́ ọn. Lórí igi kan náà, ẹ bo òdòdó mí ì láìṣe nǹkan kan fún un kó tó là, òwú funfun nìyẹn, òun ló máa fi àtíkè ara ẹ̀ ṣe é, kẹ́ ẹ lè fi wé ti òwú pupa. Kẹ́ ẹ sì tètè kìlọ̀ fún ẹni tó ń se ọbẹ̀ nílé, torí ilá tó bá so níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ lórí igi kẹ́ ẹ tó kó kóró ẹ̀.

Ẹ gbin kóró méjèèjì sínú ìkòkò kan náà, pupa lápá kan, funfun lápá kejì, bí Darwin ṣe ṣe é nìyẹn, kómi àtoòrùn wọn lè jẹ́ ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, èyí tó kúrọ́ọ̀sì ló máa ń ga jù lọ́dọ̀ Darwin. Ó ti mọ́ ilá lára kó máa fi àtíkè ara ẹ̀ pa ara ẹ̀, torí náà tí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi iyọ̀ sí i.

Darwin ò dá a ṣe, ó ń kọ lẹ́tà sí àwọn onímọ̀ ewéko bíi Asa Gray ní Amẹ́ríkà àti Hooker ní Kew, ọgbà ewéko ńlá kan ní London. Ẹ̀yin náà, ẹ fún ẹnì kan ní Ọ̀mù-Àrán tàbí Ọ̀fà ní kóró, kẹ́ ẹ máa fi WhatsApp ránṣẹ́ síra yín: ọjọ́ tẹ́ ẹ gbìn ín, iye sẹ̀ǹtímítà, ọjọ́ tójò rọ̀. “Ó ń ṣe dáadáa” ò wúlò fẹ́nikẹ́ni, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú rúlà.