Ẹ Pe Ọjà Yín Lórúkọ: Bí Ìkànnì Yín Ṣe Lè Hàn Lórí Google, Tí Ẹni Tó Bá Wọlé Á sì Dúró

Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ìyá ọlọ́lẹ̀lẹ̀ láàárọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé kì í pariwo pé oúnjẹ aládùn wà níbí. Ohun tó gbé karí gan-an ló máa ń pè: "Ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbígbóná, elépo rẹ̀dẹ̀rẹ̀dẹ̀!" Ẹni tó ń wá ọ̀lẹ̀lẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á gbọ́, á yọjú lójú fèrèsé, á pè é dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọlọ́jà kọ́ ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì, láti Yaba títí dé Balógun, ohun tí mo sì ń rí nígbà gbogbo ni pé ọ̀pọ̀ ìkànnì wọn kì í polówó bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹwà, owó ńlá ni wọ́n fi kọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò pe ọjà ní orúkọ tí oníbàárà ń pè é. Google kò sì lè mú èèyàn wá sí ṣọ́ọ̀bù tí kò sọ ohun tó ń tà.

Gbogbo ohun tí mo máa sọ níbí, ẹ lè ṣe é fúnra yín láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àsìkò ló ń gbà, àti dátà díẹ̀, àti ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ nǹkan sí.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ilẹ̀kùn ṣí

Ẹ ṣí Google, ẹ tẹ "site:" kí ẹ so àdírẹ́sì ìkànnì yín mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀. Tí àwọn ojú ìwé yín bá jáde, Google ti mọ̀ yín. Tí nǹkan kan ò bá jáde, ẹ má tíì ná owó sórí ohunkóhun mìíràn.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Lọ́dún kan, mo parí ìkànnì fún màmá kan tó ń ta aṣọ òkè àti léèsì ní Balógun, ní oṣù kẹsàn-án, kí ọjà ìparí ọdún tó gbóná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gba Google wọlé. Nígbà tí mo wọ inú WordPress, ìyẹn ètò tí mo fi kọ́ ìkànnì náà, mo lọ sí Settings, mo tẹ Reading, mo rí àpótí kékeré tí wọ́n kọ "Discourage search engines from indexing this site" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmì wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo fi síbẹ̀ nígbà tí mo ń kọ́ ọ lọ́wọ́, kí iṣẹ́ tí kò tíì parí má baà hàn síta, mo sì gbàgbé láti yọ ọ́. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá, mo ṣàlàyé, mo sì dá lára owó wọn padà. Láti ọjọ́ náà, àpótí yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lórí ìkànnì èyíkéyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní Google Search Console, ibi tí Google ti ń fi han oní-ìkànnì bí ìkànnì rẹ̀ ṣe ń jáde nígbà tí èèyàn bá ń wá nǹkan. Ọ̀fẹ́ ni. Google á ní kí ẹ fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ìkànnì náà, á sì sọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà ṣe é. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Sitemaps sí, kí ẹ fún wọn ní àkójọ ojú ìwé yín. Láti ọdún 2020, WordPress fúnra rẹ̀ ti ń ṣe àkójọ yìí, orúkọ rẹ̀ ni wp-sitemap.xml, ẹ kàn máa kọ ọ́ síbẹ̀ ni. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Google tó yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ fi sùúrù dúró.

Orúkọ wo ni oníbàárà ń pè é?

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Tó bá jẹ́ ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa mú nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ mú èyí.

Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sí iwájú ìkànnì màmá ni "Welcome to a World of Elegance". Mo wá bẹ màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Sátidé kan, láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdì aṣọ, mo ń kọ gbogbo ohun tí oníbàárà bá sọ ní gbólóhùn àkọ́kọ́ tó bá jáde lẹ́nu wọn. "Ẹ kú ọjà mà, ṣé ẹ ní aṣọ òkè ìyàwó àti ọkọ?" "Èló ni léèsì yáàdì márùn-ún yìí?" "Mummy, we need aso ebi for fifty people." "Ṣé ẹ lè bá wa fi ránṣẹ́ sí Agége?" Àbíkẹ́yìn màmá tó ń bójú tó WhatsApp ka ìbéèrè ti ọ̀sẹ̀ kan sókè fún mi, mo kọ ìyẹn náà. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ojú ìwé mẹ́rin ti kún. Kò sí ẹni tó sọ "elegance" nínú gbogbo wọn.

Ìwé yẹn la fi tún ìkànnì náà kọ. Ẹ ṣe bákan náà: ẹ kó ohun tí oníbàárà ń sọ jọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀. Ẹ má kó léèsì, àńkárá àti aṣọ òkè pọ̀ sójú kan, torí ẹni tó ń wá aṣọ òkè kò fẹ́ kọjá láàárín léèsì kó tó rí i. Àkọlé ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ni Google sábà máa ń gbé síta kí èèyàn tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ọjà ṣáájú, kí ibi tí ẹ wà tẹ̀ lé e: "Aṣọ Òkè Ìyàwó àti Ọkọ ní Balógun, Èkó". Ẹ má jẹ́ kó fi bẹ́ẹ̀ ju lẹ́tà 60 lọ, kí wọ́n má baà gé ìrù rẹ̀. Àlàyé kúkúrú tó máa ń wà lábẹ́ àkọlé kì í gbé yín sókè, ṣùgbọ́n òun ló máa ń mú kí èèyàn tẹ̀ yín dípò ẹlòmíràn. Ẹ fi iye tí ọjà bẹ̀rẹ̀ láti síbẹ̀, ẹ sì sọ bóyá ẹ ń fi ránṣẹ́.

Àwọn kan ṣì ń kó ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ jọ sínú àpótí "keywords" lẹ́yìn ìkànnì. Google ti sọ láti ọdún 2009 pé òun kò fi í ṣe nǹkan kan. Kíkọ "aṣọ òkè, aṣọ òkè, aṣọ òkè" léraléra sínú ọ̀rọ̀ náà ò dára. Google kà á sí ẹ̀tàn, ó sì máa ń sú ẹni tó ń kà á.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí Yorùbá tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ Yorùbá yín dáadáa pẹ̀lú àmì rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, torí ó buyì kún yín, ṣùgbọ́n kí àdírẹ́sì ojú ìwé wà láìní àmì, bí "aso-oke-iyawo". Ẹ má sì bẹ̀rù láti da Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ níbi tí oníbàárà bá ti ń dà wọ́n pọ̀. Bí Èkó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ló ń wá nǹkan.

Ẹ fi fóònù yín wò ó, ẹ má lo Wi-Fi

Láti ọdún 2016 ni Google ti sọ pé bí ìkànnì ṣe rí lórí fóònù lòun á máa fi ṣe ìdájọ́. Nígbà tó fi di 2023, wọ́n ti parí àyípadà náà. Nítorí náà, bó ti wù kó rẹwà tó lórí kọ̀ǹpútà, ojú fóònù ni ẹ máa fi wò ó.

Mo ṣí ojú ìwé aṣọ òkè màmá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní ibùdókọ̀ CMS, mo ń dúró kí dáńfó kún. Ojú ìwé funfun báláú. Ọkọ̀ kún, a gbéra, àwòrán kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ fèrèsé. Nígbà tí mo délé, mo yẹ̀ ẹ́ wò: àwòrán méjìlá ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 4 MB, bó ṣe jáde láti inú fóònù àbíkẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 MB. Ta ni máa ná dátà tó tó bẹ́ẹ̀ kó tó mọ iye aṣọ?

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ lọ sí squoosh.app, ọ̀fẹ́ lòun náà. Ẹ ju àwòrán sínú rẹ̀, ẹ dín fífẹ̀ rẹ̀ kù sí píksẹ́lì 1200, ẹ yan WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́, kí ẹ gbà á padà. Àwọn tèmi dín kù sí nǹkan bíi 150 KB lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú aṣọ kò sì yí padà. Ẹ lè ka òwú inú rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e sórí ìkànnì, ẹ pa orúkọ bíi IMG_2034 rẹ́, ẹ pè é ní "aso-oke-iyawo-bulu". Ẹ sì kọ ohun tó wà nínú àwòrán sí ibi tí wọ́n kọ "alt" sí, torí àwọn tí kò ríran máa ń gbọ́ ọ látẹnu fóònù wọn, Google náà sì ń kà á. Lẹ́yìn náà, ẹ fi PageSpeed Insights, irinṣẹ́ Google kan, wọn bí ojú ìwé náà ṣe ń yára ṣí tó. Ohun tí Google ń fẹ́ ni pé kí ohun tó tóbi jù lójú ìwé náà hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5.

Ọ̀nà dé ṣọ́ọ̀bù

Balógun kì í ṣe ilé kan ṣoṣo. Ọjà tó nà káàkiri òpópónà lórí òpópónà ni, ẹni tó bá sì ti ṣìnà níbẹ̀ rí mọ̀ pé "a wà ní Balógun" kò tó júwe ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lọ ṣí Google Business Profile, ìyẹn ibi tí ẹ ti lè fi ṣọ́ọ̀bù yín hàn lórí Google àti máàpù rẹ̀, kí ẹ yan irú iṣẹ́ yín, kí ẹ kọ wákàtí tí ẹ ń ṣí àti nọ́ńbà fóònù, kí ẹ sì fi àwòrán iwájú ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí. Fún ọlọ́jà tó ní ṣọ́ọ̀bù, lójú tèmi, èyí níye lórí ju ìdajì àwọn nǹkan tí àwọn oníṣẹ́ wa máa ń gbowó lé lórí. Bí Google ṣe ń yan ṣọ́ọ̀bù tó máa fi han èèyàn kò fara sin: bóyá ohun tó ń wá lẹ ń tà, bí ẹ ṣe jìnnà sí i tó, àti bí ayé ṣe mọ̀ yín tó.

Lórí ìkànnì yín, ẹ kọ ojú ìwé ọ̀nà kan. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 tí ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láàárín Mile 2 àti Marina, a tún ti màmá kọ: ẹ sọ̀ ní Marina, ẹ gba Broad Street, báǹkì wo lẹ máa rí, ọ̀dọ̀ ta ni kí ẹ ti bèèrè. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ó dára kí ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kó tó bèèrè.

Ẹ bẹ oníbàárà tí inú rẹ̀ dùn kó kọ ohun tó rí. Ẹ má fowó rà á, ẹ má sì fi ẹ̀dínwó fà á. Òfin Google kò gbà á. Tí ẹnì kan bá bínú kọ nǹkan, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, torí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á kà á.

Tó bá wọlé tán

Ẹ jẹ́ kó rí ohun tó wá. Iye owó lókè, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ìtàn bí ilé iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí àpótí ìpolówó bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó ka ìlà kan. Ẹ fi línkì WhatsApp síbẹ̀: wa.me/ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí nọ́ńbà yín tẹ̀ lé e, pẹ̀lú 234 dípò òdo iwájú.

Ìbéèrè tí wọ́n bá ń bi yín ní gbogbo ìgbà, ẹ sọ ọ́ di ojú ìwé. Màmá fẹ́nu sọ ọ́, mo kọ ọ́: yáàdì mélòó ló ń lọ sí ìró àti bùbá, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aṣọ òkè kó má baà hu, bí a ṣe ń ka aṣọ ẹbí kó má dín lọ́jọ́ ìnáwó. Àwọn èèyàn máa ń pẹ́ lórí àwọn ojú ìwé yẹn, wọ́n sì máa ń fi ránṣẹ́ síra wọn, torí ìmọ̀ ẹni tó ti fi ọwọ́ kan aṣọ láti ìgbà èwe ló wà nínú wọn. Láti ojú ìwé kan, ẹ so wọ́n mọ́ òmíràn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀. "Wo aṣọ òkè ìyàwó" dára ju "tẹ ibí" lọ.

Ẹni tó bá sì ní òun máa gbé yín dé ipò kìíní tí ẹ bá sanwó fún òun, ẹ má dá a lóhùn. Google fúnra rẹ̀ sọ pé kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn, owó ìpolówó tí ẹ bá sì san fún Google kò lè ra ipò nínú èsì tó kù.

Ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ ṣí Search Console fún ogún ìṣẹ́jú. Ní abẹ́ Performance, ẹ máa rí ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí yín. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti rí yín tí wọn ò tẹ̀ yín, ẹ tún àkọlé rẹ̀ kọ. Níbi tí ẹ bá wà ní ipò kẹjọ tàbí kẹwàá, ẹ fi kún ojú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kò ní ojú ìwé kankan fún, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yẹn. Mọ́ńdè tó kọjá, èmi àti màmá jọ ń wò ó, a rí i tí àwọn kan tẹ "gele aso oke fun iya iyawo". Màmá yọ jígí lójú, wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n yíjú sí àbíkẹ́yìn wọn: "Gbé gèlè aláwọ̀ wáìnì yẹn sọ̀ kalẹ̀ lókè. Bọ́ sí ìta pẹ̀lú rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kó o lọ ya fọ́tò rẹ̀."