Sáfà rípọ́ọ̀tì yín lè má ka sẹ́tíǹgì tẹ́ ẹ̀ ń yí yẹn o: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹ jẹ́ n fi èyí tó jẹ mí níyà jù bẹ̀rẹ̀. Rípọ́ọ̀tì ńlá kan ń kú lẹ́nu iṣẹ́, OutOfMemoryError (mẹ́mórì ò tó) ló ń kọ, ni mo bá wọ inú setenv.sh, fáìlì tá a ń kọ sẹ́tíǹgì Tomcat sí (Tomcat ni ètò Java tó ń gbé rípọ́ọ̀tì wa jáde), mo gbé -Xmx (ibi tí heap, ìyẹn mẹ́mórì tí Java ń kó nǹkan sí, lè ga dé) láti 2 GB lọ sí 4, mo pa Tomcat, mo tún tàn án. Ó tún kú. Mo sọ ọ́ di 6, ó kú bákan náà. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ gbé sáfà yẹn kalẹ̀ ti ní kí systemd (ètò tó ń tan service lórí Linux) máa pe Java ní tààrà, kò gba ọ̀dọ̀ catalina.sh, ìyẹn àṣẹ Tomcat tó ń ka setenv.sh, rárá, setenv.sh tí mo ti ń tún ṣe látàárọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ń kà á. Àfi bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti kó kúrò.

Lórí Windows náà, tí Tomcat bá ń ṣiṣẹ́ bíi service (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀), kò ní wo setenv.bat o, ojú táàbù Java nínú tomcat9w.exe (ìyẹn fún Tomcat 9) lẹ ti máa ṣe tiẹ̀. Lórí Linux, ohun tẹ́ ẹ bá kọ sínú .bashrc, tiyín nìkan ni, service tí systemd gbé dìde ò mọ̀ ọ́n, inú Environment tàbí EnvironmentFile nínú fáìlì service yẹn ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí. Kẹ́ ẹ tó máa gbé nọ́ńbà sókè sódò, ẹ bi Java fúnra ẹ̀: ẹ tẹ jcmd, nọ́ńbà process Tomcat, lẹ́yìn náà VM.flags, á sọ iye tó ń lò gan-an fún yín. Àmọ́ user tó ń run Tomcat ni kẹ́ ẹ fi bi í, tórí kì í sábà dá ẹlòmíì lóhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó gbogbo RAM fún Java ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ní 8 GB, ẹ kọ -Xmx8g. Heap nìkan kọ́ ni Java ń jẹ, Metaspace (ibi tó ń kó kíláàsì sí) ń bẹ, thread (iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà) kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, Linux fúnra ẹ̀ náà fẹ́ mí. Tí mẹ́mórì bá tán, Linux á kàn pa Java ni, ẹ ò sì ní rí àṣìṣe kankan nínú catalina.out (àkọsílẹ̀ Tomcat), inú dmesg (àkọsílẹ̀ Linux) lẹ ti máa rí òkú ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá sì kọ nǹkan kan, ìdá kan nínú mẹ́rin RAM ló sábà máa ń mú.

Nínú setenv, kí -Xmx sì wà nínú CATALINA_OPTS, kì í ṣe JAVA_OPTS, torí àṣẹ tẹ́ ẹ fi ń pa Tomcat máa ń ka JAVA_OPTS náà, òun náà á wá fẹ́ gba mẹ́mórì rẹpẹtẹ nítorí àtipa lásán. Ẹni tó bá ṣì ń kó MaxPermSize (sẹ́tíǹgì mẹ́mórì àtijọ́) kiri láti ọjọ́ Java 7, Java 8 á kìlọ̀ fún un, Java 17 ò tiẹ̀ ní dìde.

Fóǹtì ló ń bí mi nínú jù. Rípọ́ọ̀tì rẹwà lórí laptop, ó dé sáfà, ọ̀rọ̀ gé lójijì, àpótí kéékèèké kún inú PDF. Fóǹtì yẹn ò sí lórí sáfà ni. Àwọn kan á wá lọ tan net.sf.jasperreports.awt.ignore.missing.font, sẹ́tíǹgì JasperReports (ètò tó ń kọ rípọ́ọ̀tì) tó ń ní kó má wo fóǹtì tí ò sí, sí true kí ariwo àṣìṣe fóǹtì lè dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ariwo yẹn ló ń sọ òótọ́ fún yín. Ẹ di fóǹtì náà sínú jar (àpò fáìlì Java) bíi font extension (àfikún fóǹtì JasperReports), kẹ́ ẹ gbé e sórí sáfà.

Tí orí àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà bá ní àmì, tó wá ń di ? nínú CSV, ẹ wo file.encoding (bí Java ṣe ń kọ lẹ́tà sínú fáìlì). Láti JDK 18 (Java 18) ló ti di UTF-8 fúnra ẹ̀, àmọ́ ṣáájú ìyẹn, lórí Linux, ohun tí LANG (sẹ́tíǹgì èdè) bá sọ ni, tí service ò bá sì ní LANG, ó parí.

Ti aago, -Duser.timezone ni (-D la fi ń fún Java ní sẹ́tíǹgì nígbà tá a bá ń tàn án). Sáfà tó wà lórí UTC, rípọ́ọ̀tì "òní" ẹ̀ á máa gbàgbé apá kan òní tàbí kó ti àná mọ́ ọn. Ibì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ o, ẹ má sọ ọ́ ní Java, kẹ́ ẹ tún sọ nǹkan míì ní REPORT_TIME_ZONE (aago rípọ́ọ̀tì fúnra ẹ̀), kí dátábéèsì náà tún ní tiẹ̀.

Páásíwọọ̀dù dátábéèsì tẹ́ ẹ fi -D kọ, ẹnikẹ́ni tó bá wọ kọ̀ǹpútà yẹn, tó sì tẹ ps (àṣẹ tó ń to ètò tó ń ṣiṣẹ́), lè kà á.