Ilé tó bá ilẹ̀ mu: bí a ṣe ń kọ́lé sí abúlé ní agbègbè Àkúrẹ́

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè ti mọ àwọ̀ ilẹ̀ wa: erùpẹ̀ pupa, àpáta dúdú, ewé kòkó. Ilé funfun tí páànù rẹ̀ ń kọ mọ̀nà lórí òkè ló máa ń ba ojú ibẹ̀ jẹ́. Ilẹ̀ tí ilé yóò jókòó lé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àwòrán orí fóònù.

Ẹ má tètè pe katakata. Bó bá ti gé òkè palẹ̀, òjò á máa fọ erùpẹ̀ lọ títí yóò fi kan ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, kí bíríkìlà gbẹ́ ìpìlẹ̀ ní ìpele-ìpele, kí pálọ̀ wà lókè, kí yàrá wà nísàlẹ̀. Kí gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ni oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ yóò máa pa.

Erùpẹ̀ ló gba sùúrù jù. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú orí kúrò títí ẹ ó fi bá pupa tí kò ní gbòǹgbò. Òun ni ẹ ó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní búlọ́ọ̀kù. Láti mọ iye símẹ́ǹtì, ẹ kan àpótí igi tí inú rẹ̀ gùn ní 60 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 4, tó jìn ní 4. Ẹ fi epo pa inú rẹ̀, ẹ ki erùpẹ̀ tútù kún un, ẹ gbé e sí ibòòji fún ọjọ́ 7. Ẹ wá ti gbogbo rẹ̀ sí igun kan, kí ẹ wọn àlàfo tó ṣẹ́kù. Bí kò bá ju 1.5 sẹ̀ǹtímítà lọ, òṣùwọ̀n símẹ́ǹtì 1 sí erùpẹ̀ 18 ti tó. Láti 1.5 dé 3, 1 sí 16, dé 4.5, 1 sí 14. Dé 6, 1 sí 12. Bó bá ju 6 lọ, amọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ fi yànrìn là á.

Omi ńkọ́? Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀, ẹ jù ú sílẹ̀ láti èjìká. Bó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó dára. Bó bá tú yángá, ó gbẹ jù. Bó bá balẹ̀ tí kò fọ́, omi ti pọ̀. Ibí yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń kánjú, torí erùpẹ̀ tútù rọrùn láti pò, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù rẹ̀ á sán bó bá ń gbẹ. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bo búlọ́ọ̀kù, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, ẹ má sì fi mọlé kó tó pé ọjọ́ 28.

Òkúta ni kí ẹ fi kọ́ ìsàlẹ̀ ògiri, kó ga tó 45 sẹ̀ǹtímítà sórí ilẹ̀, torí ibẹ̀ ni òjò ti ń ta padà. Ẹ tẹ́ náílọ́ọ̀nù líle sórí òkúta náà kí ọ̀rinrin má bàa gòkè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi símẹ́ǹtì rẹ́ ìta. Ọ̀rinrin inú ògiri kò ní rí ibi jáde, ìrẹ́ náà á sì máa ṣí ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ni àwọ̀ ilẹ̀ náà gan-an.

Páànù alumíníọ́mù aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí ewé tí kò dán ni kí ẹ rà, oní 0.55 mìlímítà, èyí tó bá fẹ́lẹ́ jù ú lọ, ariwo òjò kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ara yín. Nílé tó fẹ̀ ní mítà 8, kí ṣóńṣó òrùlé fi nǹkan bíi mítà 1.9 ga ju orí ògiri lọ, kí etí rẹ̀ sì yọ síta ní mítà 1, ó kéré tán. Káfíńtà á fẹ́ dín in kù nítorí igi. Ẹ má gbà, òun ni ògiri alámọ̀ fi ń bọ́ lọ́wọ́ òjò. Ṣùgbọ́n etí gbòòrò máa ń gba ìjì, nítorí náà ẹ fi irin de igi òrùlé mọ́ kọnkéré orí ògiri.

Bí ẹ bá fẹ́ ùà, ìyẹn àgbàlá tí kò ní òrùlé, láàárín ilé bíi ti ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, mítà 3 sí 4 ti tó. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ rẹ̀ dà sí páìpù méjì, torí ewé á dí ọ̀kan.

Pèrègún ni kí ẹ fi ṣọgbà. Ẹ gé ọ̀pá rẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ ri 20 mọ́lẹ̀, kí àlàfo jẹ́ 30, nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa.