Bí mo ṣe kó Thunderbird, slrn, Pan àti Gnus jọ kí n lè mọ èyí tó mọ ìdọ̀tí í sẹ́

Ìparí ọdún 2023 ni ìpolówó oògùn àti tẹ́tẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò lórí Usenet, àwọn ẹgbẹ́ ìjíròrò (newsgroup) àtijọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, pátápátá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń kà á á rántí, tẹ́ ẹ bá ṣí comp.lang.c, newsgroup èdè prógíráàmù C, láàárọ̀ ẹ lè wo ogún mẹ́sẹ́ẹ̀jì kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan tó sọ nípa C. Google Groups, ojúlé Google tí wọ́n fi ń wọ Usenet, làwọn oníjìbìtì yẹn ń gbà wọlé, títí Google fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀ ní February 22, 2024, pé kò sẹ́ni tó lè ti ọ̀dọ̀ àwọn fi nǹkan tuntun sórí Usenet mọ́. Ara tù wá díẹ̀. Àmọ́ àwọn aláriwo tiwa-n-tiwa ò lọ síbì kankan.

Lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ LAUTECH gba họlidé tí Under G l'Ògbómọ̀ṣọ́ dá páropáro, tí kọ́sítọ́mà ò wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní ó yá. Sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń kó mẹ́sẹ́ẹ̀jì Usenet pamọ́) tí mo ń lò ṣì ní mẹ́sẹ́ẹ̀jì ìgbà ìdọ̀tí yẹn lọ́wọ́, mo wá gbé prógíráàmù mẹ́rin tí wọ́n fi ń ka Usenet, Thunderbird, slrn, Pan àti Gnus, sórí láptọ́ọ̀pù kan, mo ní kí gbogbo wọn lọ sẹ́ ẹrù kan náà kí n wo ọwọ́ wọn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé asẹ́ yìí kì í wo inú mẹ́sẹ́ẹ̀jì rárá. Sáfà máa ń kọ́kọ́ fi lísìtì ránṣẹ́: àkọlé, ẹni tó kọ ọ́, déètì, Message-ID (àmì ìdánimọ̀ mẹ́sẹ́ẹ̀jì), èyí tó ń fèsì sí, bó ṣe tóbi tó àti iye ìlà. Orí ìyẹn ni prógíráàmù ti ń ṣa èyí tó máa fi hàn ẹ́, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jẹ data, ẹni tó ń ra data láràárọ̀ bíi tèmi á mọyì ẹ̀. Tó o bá ní kó wo nǹkan míì tí kò sí nínú lísìtì, ó di kó máa lọ béèrè lọ́wọ́ sáfà lọ́kọ̀ọ̀kan, o lè lọ jẹ àmàlà kó o padà dé bá a níbẹ̀.

Thunderbird ni mo fi bẹ̀rẹ̀ torí òun ló rọrùn jù. O wọ Tools, o tẹ Message Filters, o mú orúkọ newsgroup yẹn, o ní tí From (ẹni tó kọ ọ́) bá ní báyìí-báyìí nínú kó pa á rẹ́. Ó tán. Tó bá jẹ́ ìjíròrò kan ló sú ẹ, tẹ K, wàá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò burú, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló mọ̀, kò mọ "bóyá".

slrn ló fi ojú mi rí nǹkan. Kò ní bọ́tìnì kankan, inú fáìlì lo ti máa kọ ọ́, máàkì ló sì ń fún mẹ́sẹ́ẹ̀jì bí ìgbà tí tíṣà bá ń máàkì ìdánwò. Èyí tó bá gba -9999 ti kú nìyẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ rèé:

[comp.lang.*]
Score: -9999
Subject: pill
Subject: casino

Mo ṣí i, gbogbo ìdọ̀tí wà níbẹ̀, ẹyọ kan ò kúrò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú láptọ́ọ̀pù. Ìgbà tí mo padà ka ìwé ẹ̀ ni mo rí i pé tí kọ́lọ́ọ̀nù ẹ̀yìn Score bá jẹ́ ẹyọ kan, ó ń wá àkọlé tó ní pill àti casino pa pọ̀ ni, tó bá jẹ́ méjì (Score::) ni èyíkéyìí nínú wọn tó. Àmì bíńtín! Mo fi ìkejì kún un, ilé mọ́ tónítóní, inú mi dùn, àfi ọjọ́ kejì tí mo ń wá ìjíròrò kan lórí register spilling, ọ̀rọ̀ ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà lásán, tí mi ò rí i mọ́. Ẹ wo "spilling" dáadáa o. Pill wà nínú ikùn ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti jáwọ́ nínú kí n máa pa nǹkan dànù tìbínú-tìbínú. Mo yí pill sí -500, mo fún àwọn èèyàn mẹ́ta kan tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣòfò ní 1000, torí slrn máa ń ro gbogbo máàkì pọ̀ ni, tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló kọ "spilling", 500 á ṣẹ́ kù sọ́wọ́ ẹ̀, á sì yọjú. Èyí tí mo ṣì ń pa láìwo ojú ẹ̀ ni Message-ID tó bá ní googlegroups.com nínú, ìlà kan yẹn nìkan kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìdọ̀tí ọdún 2023 lọ.

(Àṣà pípa yìí ti pẹ́ o. Larry Wall, ẹni tó padà ṣe èdè prógíráàmù Perl, ló ṣe rn, prógíráàmù tí wọ́n fi ń ka Usenet, lọ́dún 1984, ó sì ti ní fáìlì KILL nínú, níbi tí wọ́n ń kọ ohun tí wọn ò fẹ́ rí mọ́ sí. Ìró tí èèyàn ń ṣe tó bá já bọ́ sínú fáìlì yẹn ni wọ́n ń pè ní "plonk".)

Pan ò gba àkókò. Irú fáìlì máàkì kan náà pẹ̀lú slrn ló ń lò, mo kàn kọ́pì tèmi fún un ni, ó sì gbà á. Tó ò bá fẹ́ kọ nǹkan kan, bọ́tìnì wà níbẹ̀ fún ẹ.

Gnus, tó ń gbé inú Emacs (prógíráàmù ìkọ̀wé kan), ló gbọ́n jù, ọgbọ́n ẹ̀ náà ló kó bá mi. Tó o bá tan adaptive scoring ẹ̀, á máa wo ohun tó ò ń kà, á máa fún irú ẹ̀ ní máàkì fúnra ẹ̀. Mo lọ gba fóònù kan tí mo fẹ́ tún ṣe ní Takie, mo ní kí àbúrò mi jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo dé, gbogbo ìjà inú comp.lang.c ti gòkè sórí.

"Kí lo fọwọ́ kàn níbí?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan o, mo kàn ń kà á ni. Ẹ wo bọ̀ọ̀dá yìí bó ṣe ń bú baba àgbàlagbà!"

Ó ti ka gbogbo ẹ̀ tán. Gnus wá gbà pé ìjà ni mo fẹ́ràn.

Pan ni mo wá ń lò báyìí, tí wọ́n bá mú iná lọ tí bátìrì ń kú lọ, mo bọ́ sórí slrn pẹ̀lú fáìlì kan náà. Ẹni tó ń bú àgbàlagbà yẹn, -9999 ni mo fún un, àmọ́ mo fi ìlà Expires sí i kó má baà jẹ́ títí láé. Ìparí oṣù ló máa jáde.