Bọ́ Omi, Kí Omi Bọ́ Ẹja: Adágún Epìyà ní Àkùrọ̀ Àkúrẹ́

Oòrùn ni oúnjẹ epìyà ti bẹ̀rẹ̀. Ewéko wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò rí níkọ̀ọ̀kan ló ń fi ìtànṣán oòrùn dàgbà nínú omi, àwọn náà ló ń sọ omi di àwọ̀ ewé. Kòkòrò omi ń jẹ wọ́n, ẹja ńlá sì ń jẹ kòkòrò. Ní gbogbo ìgbà tí oúnjẹ bá ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu mìíràn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló ń di ẹran ara. Ìyókù á bá mímí, ìrìn àti ìgbẹ́ lọ. Epìyà kò dúró de kòkòrò, ó ń jẹ ewéko wẹ́wẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ẹni tí kò lágbára oúnjẹ olówó gọbọi tí ẹja àrọ̀ ń jẹ.

Ilẹ̀ alámọ̀ ni kí o wá. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan, po ó mọ́ omi, yí i bí okùn, kí o sì ká a bí òrùka. Bí kò bá já, yóò gba omi dúró. Má fa omi Odò Àlà ní ìsàlẹ̀ ìlú wọlé o, nítorí ìdọ̀tí àárín ìgboro ló ń gbé bọ̀. Adágún mítà 10 ní gígùn, mítà 10 ní ìbú tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀gbẹ́ kan jìn tó sẹ̀ǹtímítà 80, kí èkejì tó mítà kan ààbọ̀ dín díẹ̀.

Kí omi tó wọlé, fọ́n láìmù oko, ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí a fi ń tún ilẹ̀ ṣe, kílò 10 sí 20 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ tó bá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, tí láìmù kò tíì tún ṣe, máa ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ ewéko, mọ́ra, kò ní jẹ́ kí ewéko rí i lò. Dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó gbé imí adìyẹ tí yóò bọ́ ewéko náà wá. Bí láìmù àti imí bá pàdé, náítírójìn inú imí, tí ewéko fi ń dàgbà, yóò di afẹ́fẹ́ amóníà, á sì fẹ́ lọ. Òórùn rẹ̀ tó ń ta ni nímú ni owó rẹ tó ń lọ yẹn.

Imí adìyẹ gbígbẹ kílò 10 ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Dì í sínú àpò, so ó mọ́ òpó ní igun adágún, kí o máa mì ín láràárọ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10, omi á ti di àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà, kílò 3 sí 4 lọ́sẹ̀ ti tó. Imí abẹ́ kéèjì, àgò onírin tí adìyẹ ń gbé, dára ju èyí tó kún fún ìyẹ̀fun igi lọ, torí ìyẹ̀fun igi kì í tètè jẹrà.

Apá rẹ ni òṣùwọ̀n. Tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ nínú omi, kí o máa rì í díẹ̀díẹ̀. Tó bá pòórá bí omi ṣe kan ìgúnpá, ó dára. Tó bá ti pòórá kí omi tó dé àárín ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá, ó ti ki jù, dá imí dúró. Tí o bá ṣì ń rí i nígbà tí omi dé èjìká, ebi ń pa omi. Àwọ̀ ẹrẹ̀ kò sí nínú èyí: níbi tí ẹrẹ̀ bá ti dí oòrùn, imí kò lè ran ewéko lọ́wọ́.

Ìdájí ni ewu pọ̀ jù. Lọ́sàn-án, ewéko ń tú ọ́síjìn sínú omi. Lóru, àtewéko, àtẹja, àti kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ imí, gbogbo wọn ló ń fà á, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí o bá rí ẹja tó ń yọ ẹnu sójú omi láàárọ̀ kùtùkùtù, yọ àpò imí kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí o sì da omi tuntun sí i. Ní oṣù Kẹjọ tí ìkùukùu máa ń bo oòrùn, dín imí kù sí ìdajì.

Ti bíbí ló ń ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ adágún jẹ́. Oṣù méjì sí mẹ́ta péré, epìyà ti lè bímọ, bó tilẹ̀ kéré bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Abo ń gbé ẹyin sẹ́nu, àwọn ọmọ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kú. Bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ni yóò tún bí òmíràn. Oúnjẹ inú omi kò pọ̀ sí i. Àpapọ̀ kílò tí adágún lè gbé á dúró sójú kan, iye ẹnu á máa lé, gbogbo wọn á wá rán, wọn kò ní tóbi. Oníbàárà Ọjà Ọba kò ní bèèrè iye wọn, ìwọ̀n ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń wò.

Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, akọ nìkan. Ra èyí tó tó gíráàmù 30, yí ikùn rẹ̀ sókè, nu ún, kí o fi íǹkì díẹ̀ ra kókó kékeré tó wà lẹ́yìn ihò ìdí. Ti akọ ní ojú kan péré ní ṣóńṣó rẹ̀; ti abo tún ní ìlà kékeré kan tó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìkejì, tí mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: da epìyà 200 tó jẹ́ gíráàmù 10 sí 20 sílẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, fi ọmọ àrọ̀ 10 sí 20 kún un, kí wọ́n máa jẹ ọmọ tí epìyà bá bí. Kí àrọ̀ kéré sí epìyà lọ́jọ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn òbí ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó yan akọ nìkan náà kó fi àrọ̀ díẹ̀ sí i, torí abo kan tí ojú fò lè kún adágún.

Lẹ́yìn oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà, fa omi gbẹ, kó ẹja. Jẹ́ kí ìsàlẹ̀ sán kó tó gba omi tuntun, kí ọmọ epìyà tó sápamọ́ lè kú. Ẹrẹ̀ dúdú tó wà lókè ni fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ sí; kó o lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀fọ́. Má gbẹ́ ẹ dé amọ̀ líle, òun ló ń gba omi dúró.